Àtòrì Tí A Fi Pamọ́ De Ọdún

Inú kòtò agégẹdú ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Bí a bá gé igi lulẹ̀, a ó gbẹ́ kòtò tó jìn ju ìdúró èèyàn lọ, a ó yí ìtì igi náà sórí rẹ̀, a ó sì fi igi ìdábùú gbé e ró. Ẹnì kan á dúró lórí igi, ẹnì kan á wà nínú kòtò, ayùn gígùn á wà láàrin wọn. Ẹni orí igi ló ń wo ojú ìlà, òun ló ń fa ayùn sókè. Ẹni inú kòtò ló ń fà á wálẹ̀, òun náà sì ni ìyẹ̀fun igi ń dà sí lójú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni ẹni inú kòtò. N kò tíì mọ ìwé nígbà náà. Apá nìkan ni mo ní.

Igbó tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà láàrin Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará oko ń gbà lọ sí ìlú. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọ̀gá wa, ẹni orí igi, àti èmi. Ìyàwó ẹni orí igi ló ń se oúnjẹ fún wa. Obìnrin náà sì ni àbúrò ọ̀gá wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ ohun tí àna jẹ́ nílẹ̀ wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le.

Ọ̀gá wa kì í sọ̀rọ̀ kó má bú èèyàn. Bí pákó bá nípọn, á bú. Bí ó bá fẹ́lẹ́, á bú. Ó ń fi ọwọ́ gbá, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ luni. Ojú mi ló ṣe tó sọ fáìlì tí a fi ń pọ́n ayùn lu ẹni orí igi. Ìdí rẹ̀ tó mú ṣóńṣó gún un lẹ́yìn, ó sì dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà fà á yọ fúnra rẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún ọ̀gá.

"Ẹ gbà á, àna mi."

"Ojú rẹ bí ojú òkú ewúrẹ́. Gun igi, jàre!"

"Mo ti gbọ́."

Ó gun igi. Ayùn tó fà lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo mọ bó ṣe rí. Ìbínú rẹ̀ ń bá ayùn wálẹ̀. Bó bá ń fà á sókè, á já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, á tì í mọ́ mi láyà. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ mi tí mo lè ti tèmi sí. Ògiri kòtò ni mo ń gbá ní ẹ̀ṣẹ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀gá wa. Òun náà ní ẹni tó wà lórí rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé tó wà níwájú. Wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀ tán, kò lórùlé, òjò sì ti dé. Ojoojúmọ́ ni òjò ń jẹ lára ògiri amọ̀ náà. Pákó wa ni wọ́n ń dúró dè. Agbaṣẹ́ṣe á gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó wá bá wa, ẹrẹ̀ á ti bo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, á sì pe ọ̀gá wa níṣojú wa.

"Ìwọ! Ṣé o fẹ́ kí ògiri yẹn wó lé mi lórí ni?"

"Ẹ má bínú. Igi náà ló le."

"Orí rẹ ló le."

Á gbá a létí. Ọ̀gá wa, tó ń fi èjìká kan gbé igi ìdábùú, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun igi. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yí ẹ̀yìn padà, ara wa ló kàn. Bí òjò ṣe máa ń ti orí ewé òkè sọ̀ sórí ewé ìsàlẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé orí igi, ó sì ń bá mi nínú kòtò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹni orí igi ń wẹ ìyẹ̀fun igi kúrò lára létí odò. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í dùn yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ pé kì í dùn mí?"

"Ẹ kì í sọ nǹkan kan."

"Kí n sọ ọ́ fún ta? Àna mi ni. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè sí i lọ́jọ́ lásán, wọ́n á wá mú ìyàwó mi padà sílé baba rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Oyún sì wà nínú rẹ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ wa ẹrẹ̀ etí odò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan sókè díẹ̀ kí n lè rí i. Ìdì àtòrì ni, ó rì í mọ́ ẹrẹ̀ kó má baà gbẹ.

"Ìgbàkígbà tó bá lù mí, mo máa ń gé ọ̀kan. Àtòrì ò mọ àna."

Ó yé mi. Ní Èjìgbò, bí ọdún Ògìyán bá dé, tí iṣu tuntun bá wọlé, àwọn ará òkè ìlú àti àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú máa ń pàdé, wọ́n á fi àtòrì na ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀. Ọmọdé lè na àgbà, ìwọ̀fà lè na olówó rẹ̀, bí wọn kò bá ti jọ wá láti apá kan náà. Bí ẹnì kan bá ju àtòrì rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó parí. A kì í gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sáàfin ọba tàbí sí kóòtù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ bá a lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni orí igi, ará òkè ni. Ọ̀gá wa, ará ìsàlẹ̀ ni.

"Fi í pamọ́ de ọdún." Ohun tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ sọ fún un nìyẹn nígbà tó lọ bá wọn. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ fún ara wa nígbà náà, ọgbọ́n ló sì jọ lójú mi. Ohun tí kò sí ẹni tó rò ni pé, ní ìlú, ẹni tí a bá ṣe kòńgẹ́ ni à ń nà, ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ wa ló ń nà wá. Ìbínú ọdún kan á ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sára ọ̀pọ̀ èèyàn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni orí igi ń kó tirẹ̀ jọ fún ẹ̀yìn kan ṣoṣo.

Bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, ara rẹ̀ ń yá. Bí ọ̀gá bá bú u, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá gbá a, á rẹ́rìn-ín, á sì wo ọ̀nà odò. Ẹ̀rín náà ń bà mí lẹ́rù ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, òjò ńlá kan rọ̀. Agbaṣẹ́ṣe dé kí òjò tó dá tán. Ó ní ògiri kan ti wó. Ọ̀gá wa ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Agbaṣẹ́ṣe fi bàtà ta á nípàá láyà.

"Bí n kò bá rí pákó tó kù, mo ń lọ pe àwọn agégẹdú ìlú Masifa. Ìwọ á sì máa wá igi ṣẹ́ tà."

Ó lọ. Ọ̀gá wa dìde, ó yí sí wa. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kò sí ẹni tó ń lọ sí ọdún kankan lọ́la."

Ẹni orí igi sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó dá a lóhùn nìyẹn.

"Àna mi, ọdún ni."

"Ọdún ta? Èmi ń kírun. N kò bá yín bọ òrìṣà."

Àbúrò rẹ̀ gbé orí sókè nídìí iná. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ lẹ́sìí. Èmi ni mo fi epo pa ẹ̀yìn yín nígbà tí ẹ dé."

"Lẹ́sìí kọ́ nìyí! Pákó! Pákó ni mo fẹ́ rí!"

Ẹni orí igi wo ọ̀nà ìlú títí. Lẹ́yìn náà ó padà gun igi. Ó fa ayùn kí n tó dì í mú.

Ọjọ́ kejì, láti àárọ̀ ni àwọn ará oko ti ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n ru iṣu tuntun, àwọn ọkùnrin gbé àtòrì lé èjìká.

"Ẹ̀yin agégẹdú, ẹ ò lọ ni?"

"Ẹ máa lọ," ni ọ̀gá wa wí. "Iṣẹ́ ń bẹ."

Ọkùnrin kan láàrin wọn dá ẹni orí igi mọ̀. Ará ìsàlẹ̀ ni.

"Áà! Ṣé ìwọ kọ́ lo ń pariwo lẹ́sìí pé ará òkè ló ni ìlú? Ẹ wá wò ó, ó ti sá gun igi!"

"Ọ̀bọ ni!"

"Ọ̀bọ, sọ̀ kalẹ̀ o, a mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni orí igi ń fa ayùn, kò wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà, ayùn sì há. Ọ̀gá wa fò sórí igi.

"Ìlà ló wà níbí yìí. Ibo ni ayùn wà? Ọ̀lẹ! Ẹ wo ọkọ tí àbúrò mi rí fẹ́!"

Ó gbá a létí níṣojú àwọn ará ọ̀nà. Ó tún gbá èkejì. Ẹ̀rín tó wà lójú ọ̀nà dáwọ́ dúró.

Ẹni orí igi fi gbogbo agbára já ayùn yọ nínú igi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin náà já lù mí nísàlẹ̀. Eyín rẹ̀ ya èjìká mi títí dé eegun. Mo ṣubú, mo gbọ́ ariwo lókè, mo sì fi ọwọ́ kan gun ògiri kòtò jáde.

Nígbà tí mo yọ orí, àáké ti wà lọ́wọ́ ẹni orí igi. Ọ̀gá wa ti fa àdá yọ. Ìtì igi ló wà láàrin wọn, ọ̀gá ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

"Wá!" ni ọ̀gá ń kígbe. "Wá gé mi! Kí ìyá rẹ wá gbé òkú rẹ!"

Ẹni orí igi gbé àáké sókè. Ó fi ṣá a lẹ́sẹ̀, ọ̀gá yẹra. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀gá wà tẹ́lẹ̀ ni àáké wọ̀ nínú igi. Kí ó tó fà á yọ, àdá ti bó awọ apá rẹ̀ bí ẹni bó èèpo iṣu, ẹ̀jẹ̀ sì bo ìtì igi. Ó tún gbé àáké sókè. Àwọn ará ọ̀nà ń pariwo pé kí a dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn.

Ọ̀nà odò ni ìyàwó rẹ̀ gbà yọ, ó ń sáré pẹ̀lú oyún rẹ̀. Ó ru ìdì àtòrì náà, ẹrẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ ibi tí wọ́n wà, kò kàn sọ ni. Ó jù wọ́n sáàrin àwọn méjèèjì.

"Ẹ ju irin sílẹ̀!" Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní àtòrì ò mọ àna. Àáké mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fi àáké pa á, ilé ta ni kí n bí ọmọ yìí sí?"

Ó yí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ará ìsàlẹ̀ ni yín, àbí ẹ kì í ṣe ará ìsàlẹ̀ mọ́? Ọdún ni lónìí. Ẹ mú àtòrì."

"Òótọ́ ló sọ," ni ọkùnrin tó pe ọkọ rẹ̀ ní ọ̀bọ wí. "Ọdún ni."

Ọ̀gá wa wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó sọ àdá sínú igbó, ó mú àtòrì kan. Ẹni orí igi gbá àáké mọ́ ìtì igi, ó mú tirẹ̀.

Mo ti rí àtòrì ọdún nígbà púpọ̀. N kò rí irú èyí rí. Nílé, ẹ̀rín àti orin máa ń wà níbẹ̀. Níbí, ìró ẹgba lára nìkan là ń gbọ́. Awọ ẹ̀yìn ń ya, ẹ̀jẹ̀ ń ta sára ewé. Ọ̀gá wa kì í ṣe ojo. Ó na ẹni orí igi lójú, ó nà án lórí apá tí àdá ti bó, ó sì ń kígbe bó ti ń nà án: "Orí ta ló le? Orí ta ló le?" Àwọn ará ọ̀nà rò pé àna rẹ̀ ló ń bá wí. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ ẹni tó ń nà.

Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ju àtòrì sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀.

"Ó parí!" ni gbogbo èèyàn kígbe.

Kò parí. Ẹni orí igi ń nà án lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya, ó mú òmíràn. Ó ń nà án ní ẹ̀yìn, ní ọrùn, lórí ọwọ́ ọ̀tún tó fi bo orí. A gbọ́ nígbà tí ìka kán.

"Ó ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀! Èèwọ̀ ni!"

Mo gbá a mú láti ẹ̀yìn. Ó yí, ó fi àtòrì nà mí lójú. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpéǹpéjú, ó dé àgbọ̀n. Ojú òsì mi di ẹ̀jẹ̀. N kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń wọ́ mi kiri bí ẹni wọ́ ẹ̀ka igi.

Ìyàwó rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ó kó gbogbo àtòrì tó kù, ó dà wọ́n sínú kòtò. Nígbà tí ti ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tún ya, tó yí padà láti mú òmíràn, kò rí nǹkan kan nílẹ̀. Ó wo inú kòtò. Ó ju èyí tó ya náà nù. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì bú sí igbe bí ẹran tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀.

"Kò tán," ó ní. "Kò tán nínú mi."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kò lè tán. Ẹ̀yìn ẹnì kan kéré sí i."

Ó ní kí n wọ inú kòtò lọ kó àwọn àtòrì náà fún òun. Mo kó wọn. Obìnrin kan láàrin àwọn ará ọ̀nà fún un ní iṣu tuntun kan, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó kó àtòrì náà lé iná. Wọ́n tutù, èéfín wọn bo gbogbo wa, gbogbo wa ń da omi lójú, ẹnikẹ́ni kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá èéfín ni. Iṣu náà jinná. Ó bu epo sí i nínú àwo kan ṣoṣo, ó gbé e sáàrin wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó na ara wọn ti ń jẹun pọ̀ nílé. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá ti wú, kò lè mú nǹkan. Ẹni orí igi bu iṣu, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó fi sí i lọ́wọ́ òsì. Ọ̀gá jẹ ẹ́.

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe dé, ó bá ọ̀gá wa lórí àpótí, pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi èèpo igi dì. Ó bá èmi pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo tó là. Àáké ṣì wà lára ìtì igi níbi tí wọ́n gbá a mọ́.

"Kí ló ṣe yín?"

"Ọdún ni," ni ọ̀gá wa wí. Kò dìde, kò sì dọ̀bálẹ̀.

"Pákó mi ńkọ́?"

"Igi náà ló le."

Agbaṣẹ́ṣe wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo àáké. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. A la pákó náà tán ní àsìkò tí a lè là á tán.

Ewu tó kù nìyí: àwọn àgbà ilé ọ̀gá wa rí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àna rẹ̀ nà án lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á lọ mú àbúrò rẹ̀ wálé. Èmi wà níbẹ̀, wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá wa fi ọwọ́ òsì bo ọ̀tún.

"Ọdún ni," ó ní. "A kì í sọ ọ́."

Wọn kò bi èmi léèrè mọ́. Kí ọmọ tó dé, ọkọ àti ìyàwó ti bá àwọn ará wa lọ sí Àbíjàn. Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin ni. Ìka ọ̀gá wa kò ká mọ́ títí ó fi kú. Ó ṣì ń bú wa, ṣùgbọ́n nígbà míràn á dá èébú dúró láàrin, á wo ọwọ́ rẹ̀, á sì ní, "Ẹ máa fa ayùn."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi náà ní kòtò tèmi àti àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan ṣoṣo tí mo ń lò níbi iṣẹ́, n kò kọ́ ọ nínú ìwé. Kí a tó jẹun ọ̀sán, a ó gbé ayùn sílẹ̀, a ó gbé àáké jìnnà. Ẹni orí igi àti ẹni inú kòtò á pààrọ̀ ipò. Ẹni tí ohunkóhun bá ń dùn, kó sọ ọ́ nígbà náà, ìbáà jẹ́ èmi ló kàn. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò gbà mí gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí gbọ́ tán, mo gbọ́ èébú.

Ìyàwó mi mọ̀ nípa rẹ̀. Bí mo bá délé, á wo àpá ojú mi kó tó wo ojú mi.

"Ṣé wọ́n bú yín lónìí?"

"Wọ́n bú mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

Màá sọ ọ́. Á rẹ́rìn-ín títí á fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Wọn ò purọ́. Ẹ wá jẹun."

Ó ti kú. Iṣẹ́ ṣì ń lọ. Lánàá, ẹni tó dé sí kòtò kẹ́yìn gbé ayùn sílẹ̀, ó sì sọ fún mi pé bí mo bá dákẹ́, ó burú ju kí n bú òun lọ, nítorí òun kì í mọ ohun tí mo ń kó jọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo délé, mo ti ṣílẹ̀kùn kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo jókòó, mo sì kọ ọ́ síbí.